Eruku Ẹnu Ihò: Ọ̀ràn Òṣìṣẹ́ Ríìgì Kan ní Ìlọrin

Ọkùnrin tí mò ń kọ nípa rẹ̀ yìí jẹ́ ẹni ọdún 38, ọmọ Ìgbómìnà tó fi Gánmọ ṣe ibùgbé. Láti ọdún 2012 ló ti ń bá àwọn tó ń fi ríìgì, ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀, gbẹ́ bóòhóòlù ṣiṣẹ́. Kò mu sìgá rí, kò sì sí ẹni tó ní ikọ́ fée nínú ilé wọn. Kó tó dé kíníìkì wa, ó ti lo oògùn ikọ́ fée fún oṣù mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ti ní kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ ò lọ. Ó fún mi láyè kí n kọ ọ́. Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí mo yí padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbé àpò náílọ́ọ̀nù tí ìwé àyẹ̀wò kún inú rẹ̀ wá. Mo tú gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, ti GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá àmì kòkòrò ikọ́ fée, wà lára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èsì sì sọ pé kò sí kòkòrò ikọ́ fée níbẹ̀. X-ray méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé àmì funfun wẹ́wẹ́ wà lápá òkè ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, wọ́n wá kọ ikọ́ fée, wọ́n sì fi àmì ìbéèrè tẹ̀ lé e. Ohun tí mò ń wá kò sí nínú ìwé kankan. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ iṣẹ́ aláìsàn sí, "bísínẹ̀ẹ̀sì" ni wọ́n kọ. Mo bi í pé bísínẹ̀ẹ̀sì wo. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín mọ́ ọn lẹ́nu. "Mo sọ fún Sista pé à ń gbẹ́ omi fún àwọn èèyàn. Wọ́n ní bísínẹ̀ẹ̀sì náà ni."

Ní ọdún 1700 ni dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, ti ń rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi aláìsàn: iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe? Ó ti lé ní 300 ọdún. Ìlà kan péré ni káàdì wa ṣì fi sílẹ̀ fún un, ìlà náà ò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Ohun tó ń ṣe é ni ikọ́ gbígbẹ tó máa ń le láàárọ̀, àárẹ̀, àti èémí tí kì í tó o. "Tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mo máa ń gbé ọ̀pá ríìgì látorí ọkọ̀ dé ẹnu ihò. Ní báyìí, tí mo bá gun àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí tán, mo máa ń fara ti ògiri ná kí n tó lè nàró kírun." Kò sí ibà lára rẹ̀, kì í làágùn lóru. Ó ti rù díẹ̀. Mo fi etí sí àyà rẹ̀, ariwo tí mo gbọ́ kò tó nǹkan. Ẹ̀rọ tí a máa ń ki ìka bọ̀ fi hàn pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 93 nínú 100 bó ṣe jókòó. A ní kó rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó já sí 87. A ní kó fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ẹ̀dọ̀fóró. Ohun tó fẹ́ jáde ò ju 61 nínú 100 ohun tó yẹ kí ẹni tí ọjọ́ orí àti gíga rẹ̀ jọ tirẹ̀ fẹ́.

Mo wá ní kó ka iṣẹ́ ọjọ́ kan fún mi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kó má fo nǹkan kan.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìlọrin àti ti ìhà gúúsù Kwara mọ̀ pé orí òkúta ni gbogbo wa kọ́lé sí. Tí èèyàn bá kọjá iyẹ̀pẹ̀ pupa àti amọ̀, òkúta akọ ló kàn, òkúta ayé àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní basement complex. Kò sí odò kan tó ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Inú òkúta tó ti rà àti inú ojú ibi tó ti sán ni omi máa ń sá sí. Nítorí náà, ríìgì gbọ́dọ̀ wọ òkúta. Bóòhóòlù tó jìn tó mítà 40 sí 80 ò jọ ẹnikẹ́ni lójú lọ́dọ̀ wa. Àdúgbò tí omi ìjọba ò dé tún ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, láti Tanke títí dé Amọ́yọ̀, onílé kọ̀ọ̀kan sì ń gbẹ́ tirẹ̀.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ gba inú ọ̀pá. Hámà tó wà lẹ́nu ọ̀pá á máa lu òkúta, bíìtì, irin olójú eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀, á máa rún un, afẹ́fẹ́ kan náà á sì gbé ohun tó rún padà sókè, á pọ̀ ọ́ jáde lẹ́nu ihò. Lákọ̀ọ́kọ́, iyẹ̀pẹ̀ pupa tó tutù díẹ̀ ló ń jáde, kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Tó bá ti kan òkúta, àwọ̀ yí padà sí eérú, lẹ́yìn náà ó di funfun. Funfun yẹn ni quartz, ohun líle tó wà nínú òkúta àti yanrìn, pọ̀ sí. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó dúró ti ẹnu ihò pẹ̀lú ṣọ́bìrì, kó máa kó ohun tó ń jáde kúrò kó má baà wó padà sínú. Bí ọ̀pá kan bá ti wọlé tán, á bu ìkúnwọ́ kan, á tò ó sílẹ̀ tẹ̀ lé ti tẹ́lẹ̀ kí ọ̀gá lè mọ ibi tí wọ́n dé. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè jìnnà sí ihò kí iṣẹ́ náà sì ṣeé ṣe.

"Títí omi á fi yọ ni."

Gbólóhùn yẹn ni mo fàlà sí nídìí nínú ìwé mi. Bí ríìgì bá ti kan omi, eruku á parí lójú ẹsẹ̀: ohun tó ń jáde á di ẹrẹ̀, ariwo ayọ̀ á sọ, ìyá onílé á máa ké Alihamudulilahi. Láàárín òkúta àti omi ni wàhálà rẹ̀ wà. Ó lè jẹ́ wákàtí kan, ó lè jẹ́ gbogbo ọ̀sán. Bí ihò bá gbẹ, tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ríìgì lọ sí kọ̀rọ̀ kejì, eruku náà tún di tuntun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, nígbà tí kànga gbogbo bá ti gbẹ, tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ilé rẹ̀ fi gbà pé ọyẹ́ ló ń bá a jà. Eruku ọyẹ́ ń dààmú àyà lóòótọ́, àmọ́ gbogbo Ìlọrin ló ń mí i, kì í ṣe òun nìkan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nìyí. Eruku tí ojú ń rí, tó ń fún ìpéǹpéjú ní funfun, kọ́ ló ṣe é ní jàǹbá. Imú àti ọ̀fun ló ń dá èyí tó tóbi dúró, irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà èémí á sì gbá a padà sókè pẹ̀lú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èèyàn á tu ú dànù tàbí kó gbé e mì. Ṣùgbọ́n tí a bá gé mìlímítà kan sọ́nà 1,000, eruku tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju márùn-ún lọ nínú rẹ̀ lè wọlé lọ tààrà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó lé ní 300 mílíọ̀nù wà. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 70. Eruku bẹ́ẹ̀ máa ń wà lójú afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí èyí tó nípọn ti balẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti bọ́ aṣọ ẹnu wọn sílẹ̀ pé ó ti tán.

Irun tó ń gbá nǹkan sókè ò sí nínú àwọn àpò yẹn. Sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní macrophage ló ń ṣọ́ ibẹ̀. Bó bá bá kòkòrò pàdé, á gbé e mì, á tú omi kíkan sí i nínú ara rẹ̀, kòkòrò á sì tú. Bó ṣe ń gbé quartz náà mì nìyẹn. Quartz ò tú. Ojú rẹ̀ tí hámà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ sì le ju ti yanrìn àtijọ́ lọ, ó ń bá ohun tó bá kàn jà, ìdí kan nìyẹn tí eruku ẹnu ihò fi burú ju yanrìn odò Asà tí omi ti ń yí ká láti ayébáyé. Àpò omi kíkan inú sẹ́ẹ̀lì náà á ya. Ní ọdún 2008 ni àwọn olùwádìí tọ́ka sí ohun tó tẹ̀ lé e: àwọn purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní NLRP3 á kó ara wọn jọ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lọ, wọ́n á sì mú kó tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní IL-1β jáde. Ohun yẹn ló ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàgbara yòókù wá. Wọ́n á dé, ibẹ̀ á wú, á gbóná, ẹran ara tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni á fara gbá nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ á kú, á tú quartz sílẹ̀ láìdín, òmíràn á tún gbé e mì.

Kò sí ìgbà tí èyí ń sinmi. Ara, bó ṣe ń gbìyànjú láti wo ibi tó wú sàn, á máa fi àpá bò ó. Àpá kéékèèké á di kókó, kókó á so mọ́ ara wọn, ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó rọ̀ kó lè fẹ̀ á gan pa. Apá òkè ló sábà máa ń mú ṣáájú. Silicosis ni orúkọ àìsàn náà. Ẹni tó bá mí eruku náà díẹ̀díẹ̀ lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n lára. Bó bá pọ̀ gan-an, ọdún márùn-ún ti tó, a sì ti rí àwọn tó jẹ́ oṣù díẹ̀ ló gbà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi yanrìn fẹ́ nǹkan lára, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi agbára afẹ́fẹ́ ta yanrìn lù ú kí ojú rẹ̀ lè bó. Turkey fòfin de fífi yanrìn fẹ́ ṣòkòtò jín-ìnsì ní 2009 nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó kú báyìí. Láti ọdún 1997 ni àjọ WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti ka eruku yìí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Àwọn dókítà tó fún un ní oògùn ikọ́ fée kì í ṣe òpè o. Apá òkè ẹ̀dọ̀fóró náà ni ikọ́ fée fẹ́ràn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ikọ́ fée ti pọ̀ jù láyé. Ẹni tó ń wúkọ́, tó ń rù, tí X-ray rẹ̀ sì rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọn ì bá kọ́kọ́ rò? Àwọn kan tún wà tí ikọ́ fée wà lára wọn tí kòkòrò ò sì hàn nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹjọ́ tí mo ní kò ju pé wọ́n tún oògùn kan náà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oṣù mẹ́fà kò yí nǹkan padà, láìbi í léèrè ohun tó ń fi ojúmọ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà tún ní apá kejì tó le: quartz ń sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pa kòkòrò ikọ́ fée di aláìlágbára, ẹni tó ní silicosis sì wà nínú ewu ikọ́ fée ju ẹlòmíì lọ. Nítorí náà, a ò lè sọ fún ọkùnrin yìí pé kó gbàgbé ikọ́ fée. Ohun tí a sọ ni pé kò tíì sí lára rẹ̀, àti pé a ó máa wá a kiri lára rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

A fi í ránṣẹ́ sí onímọ̀ àyà ní ilé-ìwòsàn ńlá. Àwòrán CT, irú X-ray tó ń fi inú ara hàn ní ìpele ìpele, ló parí iyàn. Kókó wẹ́wẹ́ wà káàkiri òkè ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, àwọn kókó omi ara tó wà láàárín àyà sì ti ní etí funfun yíká bí èèpo ẹyin. Pẹ̀lú iṣẹ́ ọdún tó lé ní mẹ́wàá lẹ́nu ihò, dókítà náà ní òun ò nílò láti gé ẹran kankan níbẹ̀ wò.

Ìyàwó rẹ̀ bi wá léèrè ohun tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mílíìkì tó ń mu ńkọ́? Kì í jáde nílé láìmu agolo kan." Ọ̀gá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, mílíìkì láàárọ̀, epo pupa ṣíbí kan tí wọ́n bá dé, orógbó lẹ́nu láàárín. Kò sí ibi iṣẹ́ eruku kan tí mo dé ní Kwara tí wọn ò ti ń mu mílíìkì. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ. Ọ̀nà ọ̀fun tó lọ sí ikùn àti èyí tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró pínyà látòkè, bí mílíìkì bá sì ṣèèṣì yà sí ti ẹ̀dọ̀fóró, wàhálà mìíràn nìyẹn. Mo sọ fún un pé oúnjẹ tó dára ni, kó máa fún àwọn ọmọ.

Mo bẹ ọ̀gá náà kó jẹ́ kí n wá sí sáìtì, ó gbà, èyí tí n kò rò pé á gbà. Ẹ̀yìn Tanke ni. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju 20 lọ ló wà nídìí ṣọ́bìrì, ó fi láwàní wé imú àti ẹnu, ó sì gbà pé òun ti dáàbò bo ara òun. Nígbà tí wọ́n dúró láti so ọ̀pá tuntun, mo ní kó bọ́ ọ fún mi. Mo yí inú rẹ̀ síta. Níbi tí ihò imú rẹ̀ gbé wà, àmì eérú méjì roboto wà níbẹ̀, lápá inú, tó tutù. Mo fi hàn án, mo fi han ọ̀gá. Aṣọ náà ń dá èyí tó tóbi dúró. Èyí tó kéré gba inú òwú kọjá.

Ìbòmú N95 sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, tó bá lẹ̀ mọ́ ojú pinpin. Irùngbọ̀n ò sì ní jẹ́ kó lẹ̀. Mo sọ ìyẹn, àlùfáà kan tó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó wò mí láìfọhùn, mo rọra gba ibòmíràn.

Ibòmíràn náà ni omi. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń fi omi díẹ̀ àti fóòmù sínú afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ gba inú ọ̀pá. Ohun tó ń jáde á tutù kó tó dé òkè, á jábọ́ sẹ́nu ihò dípò kó fò. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn. "Ẹ̀yin ará ilé-ìwòsàn! Omi tí a ò tíì rí ni ẹ ní ká wá dà sínú ihò?" Àmọ́ ó mọ ohun tí mò ń sọ, ó ní òun ti rí i níbi iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Àwíjàre tó ṣe kì í ṣe àwíjàre òmùgọ̀. Bí omi bá kéré nínú amọ̀, ó máa ń lẹ̀ yí ọ̀pá ká, ó sì lè há a. Ó ní tí omi bá ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti mọ ìgbà tí omi ilẹ̀ gan-an yọ. Ó sì ní owó tánkà omi, owó fóòmù, ta ló fẹ́ san án? A jọ rò ó síwá sẹ́yìn. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé kí wọ́n gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ àti amọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, kó tan omi àti fóòmù tó bá ti kan òkúta, kí ẹni tó mú ṣọ́bìrì dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kó má dúró síbi tó ń fẹ́ lọ.

Ó tún sanwó X-ray fún mẹ́ta nínú àwọn tó kù. Méjì mọ́. Ẹ̀kẹta, ẹni tó pẹ́ jù nínú wọn, a ti fi í ránṣẹ́ síwájú. Ẹ̀kẹrin kọ̀ jálẹ̀, ó ní kí a má fi ohun tí òun ò mọ̀ bà òun lọ́kàn jẹ́, òun ní ọmọ márùn-ún tó wà nílé ìwé.

Owó gbà-máà-bínú fún ìpalára ẹnu iṣẹ́ ni mo retí tí kò ṣeé ṣe. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ wà, ó ní kí ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó yìí, tí òṣìṣẹ́ bá sì ṣàìsàn nídìí iṣẹ́, kí àpò náà gbà á sílẹ̀. Ọ̀gá yìí ò dá kọ́bọ̀. Òun náà ò mọ̀ pé ó kan òun, ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń sanwó fún wọn, kò sí ìwé kankan láàárín wọn. Ní orúkọ pé ó jẹ́ èèyàn, ó ń fún ìyàwó ọkùnrin náà ní owó lóṣooṣù, nígbà tó bá rí i.

Ọkùnrin náà ti kúrò lẹ́nu ihò pátápátá. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ta páìpù àti táǹkì lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ó rò pé bí òun ti ṣíwọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yá, a sì ti sọ fún un pé kì í rí bẹ́ẹ̀: quartz tó ti wọlé ṣì wà níbẹ̀, kò sí oògùn tó ń yọ ọ́. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọdún kan, 61 ti di 58. A dáwọ́ oògùn ikọ́ fée dúró, a fún un ní oògùn fífà símú tó ń dín fífún àyà kù, a gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, a sì ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò déédéé. Ó mọ̀ pé bí òógùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lóru, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ikọ́, òun ò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ tí wọ́n dá fún òun.

Ọ̀gá rẹ̀ ra ẹ̀rọ fóòmù náà, àlòkù ló rà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ó kọ́kọ́ máa ń kọ "omi àti fóòmù" ní ìlà ọ̀tọ̀ sínú bíìlì tó ń fún oníbàárà. Àwọn oníbàárà á ní kó fa ìlà yẹn yọ, pé omi làwọn ní kó wá bá àwọn gbẹ́, kì í ṣe omi làwọn ní kó wá rà. Ní báyìí, ó ti fa ìlà náà yọ lóòótọ́. Ó pín owó rẹ̀ sórí iye tó ń gbà lórí mítà kọ̀ọ̀kan, kò sì sí oníbàárà kankan tó tíì bi í léèrè.